Ibà Náà Kò Tíì Kọjá Odò

Shar Khulst,
Ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹta, ọdún 1999

Solongo, ọmọ mi,

Mo kí ọ kú ìrìn àjò, mo kí ọ kú iṣẹ́. Ṣé ara le? Ṣé ilé onílé ń gbà ọ́? Àwa ń bẹ níbí. Ẹran la òtútù já, yìnyín ti ń yọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta, afẹ́fẹ́ nìkan ni kò tíì fẹ́ sinmi. Maral ọmọ rẹ ń jẹun bí ẹni tí wọ́n ń lé. Eyín iwájú rẹ̀ kan ti ká. A fi ọ̀rá àgùntàn wé e, a jù ú fún ajá bí a ṣe ṣe tìrẹ, kí tuntun lè hù kó le.

Ìwé rẹ tó dé kẹ́yìn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ya tán lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní abiyamọ kì í gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀ kó má ta etí were. Ó dà bíi pé ẹ̀rọ ìránṣọ Kòríà yẹn ti di ọ́ létí. Lọ́jọ́ kan, Maral gbé agolo tíì wá bá mi, ó ní ṣé ìwọ ni obìnrin tí wọ́n yà sí ara rẹ̀. Mo ní rárá o, ìyá rẹ rẹwà ju ìyẹn lọ. Jọ̀ọ́, fi àwòrán rẹ ránṣẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni nígbà tí o fi í sílẹ̀ fún mi, ó ti di ọmọ ọdún mẹ́fà báyìí. Mi ò ní tàn ọ́, kò rántí ojú rẹ mọ́.

Iṣẹ́ mi pọ̀ lọ́dún yìí ju ti ìgbàkígbà lọ. O mọ̀ pé nígbà ayé baba rẹ, bóyá agbo méjì péré ní í máa ránṣẹ́ pè mí lásìkò tí ẹran ń bímọ, pé kí n wá bá wọn fi orin bẹ abo àgùntàn tó kọ ọmọ. Lọ́dún yìí wọn ò jẹ́ kí n jókòó. Àwọn abo àgùntàn kàn ń bímọ ṣáájú ọjọ́ wọn ni. Òkú ọmọ ni wọ́n ń bí, irun ò tíì kún ara rẹ̀. Ọmú á wú fún wàrà, kò sì ní sí ẹni tí yóò mu ún. Bẹ́ẹ̀ ni nínú agbo mìíràn, ọmọ òrukàn á máa ké, ìyá rẹ̀ ti kú. Èmi ni mò ń so wọ́n pọ̀. Mo ń gbé ọmọ òrukàn sínú ẹ̀wù mi, mo ń gun ẹṣin kọjá odò láti ọ̀dọ̀ Sambuu lọ sí ọ̀dọ̀ Jigmed, mo ń fi omi ìbí òkú ọmọ yẹn pa ààyè lára láti orí dé ìrù, kí ìyá lè gbóòórùn rẹ̀ kó sọ pé tèmi ni. Lẹ́yìn náà n ó jókòó tì í, n ó máa kọ “tóìgì, tóìgì” títí ojú rẹ̀ yóò fi rọ̀. Ẹyọ kan péré ló kọ̀ mí lọ́dún yìí. Sambuu ní ká ní ìlú ńlá ni wọ́n bí mi sí ni, orí ìtàgé ni ǹ bá ti máa kọrin. Mo ní àwọn ará ìlú ńlá kò mọ̀ ọ́n gbọ́ bí àgùntàn.

Ọmọ rẹ jogún ohùn mi. Ó ń bá mi lọ káàkiri. Ó ń ki ọwọ́ bọ inú omi ìbí dé igunpá, ó ń pa ọmọ àgùntàn lára bí ẹni tó ń fi òróró pa ọmọ tuntun. Abo kan wà lọ́dọ̀ Jigmed tí mo bẹ̀ láti òwúrọ̀ tí kò gbà. Maral bọ́ síwájú, ó kọrin sí i, àgùntàn náà yíjú padà, ó jẹ́ kí ọmọ mu ọmú. Gbogbo wa la sunkún, àti Jigmed tí kò sunkún lọ́jọ́ tí ìyá rẹ̀ kú.

Kọ̀wé o. Má jẹ́ kí n máa bá agolo sọ̀rọ̀.

Èmi ni ìyá rẹ,
Khorloo


Incheon,
Ọjọ́ kejì oṣù karùn-ún, ọdún 1999

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín tọwọ́tẹsẹ̀. Ẹ kú iṣẹ́ ẹran, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ má bínú pé mo pẹ́. Ìbòrí àga ọkọ̀ là ń rán, wọn kì í jẹ́ ká gbórí sókè. Tí mo bá délé, orí aṣọ iṣẹ́ ni mò ń sùn. Àwòrán mi wà nínú ìwé yìí. Ẹ sọ fún Maral pé aṣọ pupa yẹn kì í ṣe tèmi, mo yá a ni, ṣùgbọ́n ojú náà tèmi ni.

Ìyá mi, ìwé yín dùn mọ́ mi débi pé mo kà á sókè fún Tsend, obìnrin tó ń rán aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ará wa ni, láti ìhà ìlà-oòrùn lọ́hùn-ún nítòsí ààlà. Mo ń kà á, mò ń fi yín yangàn. Ìgbà tí mo dé ibi tí ẹ ti sọ̀rọ̀ òkú ọmọ àgùntàn, ó dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró. Ó ní, “Ọwọ́ lásán ni ìyá rẹ fi ń kó o?” Mo ní kí ni ká tún fi kó o. Ó ní, “Solongo, báyìí náà ló ṣe bẹ̀rẹ̀ nílé wa.”

Baba rẹ̀ ni ibà kọ́kọ́ mú. Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ ni í máa dé, á làágùn títí ibùsùn á fi rin, tó bá di òwúrọ̀ á ní ara òun ti yá. Lẹ́yìn náà oríkèé ara bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, nǹkan ọkùnrin rẹ̀ wú, ẹ̀yìn rẹ̀ gan. Darandaran tó ń fẹsẹ̀ kan gun ẹṣin kò lè gun àpótí mọ́. Àbúrò Tsend méjèèjì náà ń bẹ lórí ìdùbúlẹ̀. Wọ́n ń pè é ní ibà ẹran. Tsend ní nígbà tí ẹran ṣì jẹ́ ti ìjọba, dókítà ẹran ń wá gún wọn lábẹ́rẹ́ lọ́dọọdún, ibà náà sì lọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti pín ẹran fún oníkálukú, abẹ́rẹ́ dópin, ibà padà. Àgbègbè méjì péré ló wà ní ìlà-oòrùn lákọ̀ọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ó gba gbogbo ibẹ̀. Ní báyìí ó ti ń mú àwọn ará ìgboro tí kò fọwọ́ kan àgùntàn rí, tó jẹ́ wàrà nìkan ni wọ́n rà mu. Ọ̀nà ìwọ̀-oòrùn, ọ̀dọ̀ yín, ló kọjú sí.

Inú òkú ọmọ yẹn ló wà, Ìyá mi, àti inú omi rẹ̀, àti inú wàrà tí a kò sè. Àgùntàn tó bí òkú ọmọ, òun gan-an ni èyí tó ní in lára.

Mo bẹ̀ yín. Mo fi ìbọ̀wọ́ rọ́bà rán ẹ̀gbọ́n Tsend tó ń bá wa ṣiṣẹ́ níbí, tó ń bọ̀ nílé. Ẹ máa wọ̀ ọ́. Ẹ máa se wàrà títí yóò fi hó. Kí Maral sì lọ sọ́dọ̀ Àǹtí Dejid ní ìlú kó bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé níbẹ̀, kí òun àti àgùntàn jìnnà síra. Èyí ni mo fẹ́ jù nínú gbogbo rẹ̀. Tí ẹ ò bá lè ṣe méjì tó ṣáájú, ẹ ṣe èyí.

Ọmọ yín,
Solongo


Shar Khulst,
Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù keje, ọdún 1999

Solongo,

Mo kí ọ. Koríko dára, ẹran ń sanra. Àwòrán rẹ dé. Maral ní ìwọ àti obìnrin inú agolo jọra díẹ̀, má bínú sí i.

Nítorí náà, ohun tí o ń fi ìwé mi ṣe nìyẹn, o ń kà á fún àjèjì kó lè ṣàyẹ̀wò ìyá rẹ. Ẹ kú ọgbọ́n. Èmi tí mo fi ọwọ́ yìí gbà ọ́ nígbà tí o jábọ́ sórí ìtẹ́ koríko, tí mo fi wẹ̀ ọ́, tí mo fi bọ́ ọ, òun lo wá ń fi rọ́bà ránṣẹ́ sí láti òkè òkun.

Mo wọ ìbọ̀wọ́ rẹ, kí o má baà sọ pé mo jẹ́ alágídí. Àgùntàn méjì tó bímọ pẹ́ ni mo fi dán an wò. Èkíní gbóòórùn rọ́bà lára ọmọ, ó fẹsẹ̀ gbá a. Èkejì kò tiẹ̀ wo ọ̀gangan ibẹ̀. Ọmọ méjèèjì kú. Kò sí abo tó máa gba ọmọ tó ń rùn bíi táyà mọ́tò, ìwọ náà ò ní gbà á. Mo kó ìbọ̀wọ́ náà fún ìyàwó Jigmed, ó ń fi wọ́n pa irun àgùntàn láró, ó ní kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ.

Ní ti ibà, mo bi awakọ̀ tó ń kó ìwé wá. Ó ní lóòótọ́ ni, ó ń jà ní ìlà-oòrùn, ṣùgbọ́n kò tíì kọjá odò. Àwọn ará ibẹ̀ náà, ta ni ò mọ̀ wọ́n? Wàrà tútù ni wọ́n ń mu láti òwúrọ̀ dálẹ́, wọn kì í sì í gbá àgọ́. Dókítà ẹran tiwa ńkọ́? Ó ti di oníṣòwò. Ó ń ta bátìrì àwọn ará Ṣáínà nídìí mọ́tò rẹ̀. Mo bi í nípa òkú ọmọ àgùntàn, ó ní òtútù ni, ó ní ṣé mi ò ra bátìrì.

Mo sọ ọ̀rọ̀ Dejid fún Maral. Ó so ara rẹ̀ mọ́ òpó àgọ́, ó ń ké. O fi ọmọ sílẹ̀ fún mi kí n tọ́ ọ, mo tọ́ ọ. Nísinsìnyí o fẹ́ dúró sí òdìkejì òkun kó o máa fi ìwé lé e kúrò lọ́dọ̀ mi. Ilé ni àbọ̀ ìsinmi oko, Solongo, kì í ṣe ibi tí à ń bẹ̀rù. Ọdún tó ń bọ̀ ni yóò lọ sílé ìwé, lẹ́yìn tí ẹran bá bímọ tán. Mo nílò ohùn rẹ̀.

Ara mi le. Mo kàn ń làágùn díẹ̀ lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, orúnkún sì ń ro mí. Ọjọ́ orí ni. Ìyá mi náà làágùn.

Khorloo


Incheon,
Ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹjọ, ọdún 1999

Ìyá mi,

Mo kí yín. Mi ò lè kí yín pẹ́.

Nídìí ẹ̀rọ ni mo ti ka ọ̀rọ̀ òógùn yẹn, abẹ́rẹ́ rẹ̀ wọ̀ mí níka. Ẹ ní ọjọ́ orí ni. Ọjọ́ orí kì í mọ ìrọ̀lẹ́ yàtọ̀ sí òwúrọ̀, Ìyá mi. Ẹ lọ rí dókítà, ẹ gbé Maral dání.

Ẹ sì dá mi lóhùn ìbéèrè kan. Ẹ ní ibà kò tíì kọjá odò. Ta ló ń kọjá odò lọ́dọ̀ yín lásìkò ìbímọ ẹran? Ta ló ń ti inú agbo tí òkú ọmọ ti jábọ́ lọ sí agbo tí kò tíì jábọ́, pẹ̀lú ọmọ àgùntàn nínú ẹ̀wù àti omi ìbí lọ́wọ́? Kì í ṣe awakọ̀, kì í ṣe oníbátìrì. Ẹ̀yin ni. Tí ó bá kọjá, orí ẹṣin yín ni yóò gùn kọjá, ọmọ mi yóò sì wà lẹ́yìn yín lórí gàárì kan náà.

Ẹ gbé e lọ fún Àǹtí Dejid lọ́sẹ̀ yìí. Mi ò bẹ̀ yín mọ́, mo ń sọ fún yín ni.

Solongo


Incheon,
Ọjọ́ kẹrin oṣù kọkànlá, ọdún 1999

Ìyá mi, adúrótini,

Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ yín. Ìwé yín ò dé, oṣù ti gorí oṣù. Mo mọ̀ pé mo ṣe yín ní nǹkan. Inú ló bí mi, mo lẹ ìwé náà pa kí n tó tún un kà, mo sá lọ fi í ránṣẹ́ bí ẹni tó ń jalè. Ọmọ kì í bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ báyẹn. Ẹ dárí jì mí.

Wọ́n ní òtútù ọdún yìí le lọ́dọ̀ yín, pé yìnyín bo koríko mọ́lẹ̀, ẹran ń kú lórí ìdúró. Ṣé ẹ rí ohun jẹ? Ṣé Maral wà ní ìlú? Ẹ kọ “ó wà ní ìlú” nìkan sínú ìwé, kí ẹ má kọ nǹkan mìíràn, yóò tó mi.

Ọmọ yín,
Solongo


Shar Khulst,
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kìíní, ọdún 2000

Solongo,

Mo kí ọ. Ìwé rẹ dé, mo ti gbọ́. Ọ̀rọ̀ àná ti lọ pẹ̀lú àná.

Òtútù le lóòótọ́. Ẹran kú, tiwa kéré sí ti àwọn ẹlòmíràn. Yìnyín dí ọ̀nà ìlú láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá, nítorí náà Maral ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Ẹṣin ju ú sílẹ̀ nígbà ìwọ́wé, ó fi ìgbáròkó gbálẹ̀, ó ń tiro díẹ̀. Má jẹ́ kí àyà rẹ já. Baba tó ń to egungun ti fọwọ́ rà á, ó ní ìgbà tí oòrùn bá jáde yóò ti máa sáré. Ara rẹ̀ máa ń gbóná nígbà míràn, ìrora ẹsẹ̀ ló fà á.

Wọ́n ní ọmọ Sambuu náà ní ibà tí wọ́n ń sọ yẹn. Ọmọ yẹn mutí jù tẹ́lẹ̀. A ò tíì gbọ́ ti ẹlòmíràn níhìn-ín.

Má da ara rẹ láàmú.

Khorloo


Incheon,
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta, ọdún 2000

Ìyá mi,

Ẹ kú ilé.

Ẹ̀gbọ́n Tsend padà dé lánàá. Ó ní òun rí Àǹtí Dejid ní ìlú, Àǹtí Dejid ń sunkún, ó ní òun ò mọ bí òun ṣe máa kọ̀wé sí mi. Ó ní kò sí ẹṣin kankan tó ju ẹnikẹ́ni. Ó ní láti ìgbà ìwọ́wé ni ọmọ mi ti ń làágùn lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, pé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kò tẹ ilẹ̀ mọ́, àti pé ìgbà tí ẹ gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà, dókítà bi yín pé kí ló dé tí ẹ fi dúró di ìgbà yìí.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tiyín kò tiẹ̀ lo oṣù méjì. Mi ò ní agbára láti bínú. Orí àpótí ni mo jókòó sí tí mo ń kọ èyí, Tsend jókòó tì mí.

Ìwé ìgbélùú mi ti kọjá àkókò. Tí mo bá jáde ní Kòríà lónìí, wọn ò ní jẹ́ kí n wọlé mọ́ láé, kò sì sí iṣẹ́ fún mi nílé. Oúnjẹ yín àti oògùn rẹ̀, ibí ni wọ́n ti ń wá. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ní kí n wá, mo ń bọ̀. Ẹ sọ òtítọ́ fún mi lẹ́ẹ̀kan péré. Ṣé kí n wá?

Solongo


Shar Khulst,
Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá, ọdún 2000

Solongo, ọmọ mi,

O bi mí léèrè láti oṣù kẹta, mi ò dá ọ lóhùn. Mo gba owó tí o fi ránṣẹ́, mo gba oògùn tí o fi ránṣẹ́, mo sì dákẹ́. Ìtìjú ló di ọwọ́ mi mú. Mo rò pé tí mo bá dúró díẹ̀ sí i, ẹsẹ̀ ọmọ yóò tọ́, n ó wá kọ ìwé kan ṣoṣo tí inú rẹ yóò dùn sí. Kò tọ́.

Jẹ́ kí n sọ gbogbo rẹ̀.

Lóṣù kejì, nígbà tí ọ̀nà là díẹ̀ tí mo gbé e dé ilé ìwòsàn agbègbè, wọ́n kó àwọn oníbà ẹran sí yàrá kan. Mo ṣílẹ̀kùn, àwọn tó lè dìde dìde kí mi. Ìyàwó Jigmed ń bẹ níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò ká mọ́. Ọmọ Sambuu ń bẹ níbẹ̀. Tọkọtaya tó wà nísàlẹ̀ àpáta, àwọn tí mo lọ bá bẹ àgùntàn nígbà tí ìyàwó lóyún, ń bẹ níbẹ̀, oyún kò sí mọ́. Wọ́n ń sọ pé, “Ìyá, ẹ káàbọ̀, ẹ jókòó. Ọmọ àgùntàn tí ẹ bá wa bẹ̀bẹ̀ fún yẹn ti dàgbà o, ó ti ní ìwo.” Wọ́n bu tíì fún mi. Mo ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mò ń wá ẹnì kan tí mi ò mọ̀ rí, ẹnì kan ṣoṣo tí mi ò dé àgọ́ rẹ̀ lásìkò ìbímọ ẹran. Mi ò rí i. Ṣé o rántí ohun tí o bi mí nípa ẹni tó ń kọjá odò? Nínú yàrá yẹn ni mo ti dá ara mi lóhùn.

Mo ka orúkọ gbogbo agbo tí mo dé fún dókítà. Ọmọbìnrin kékeré ni, ó tó ọ lọ́jọ́ orí. Ó ní kí n má sunkún, pé bó ṣe ń rìn ní gbogbo ìhà ọ̀dọ̀ wa nìyẹn, pé ní ibòmíràn àgbò tí wọ́n yá ara wọn ló ń gbé e kiri, ní ibòmíràn ẹran tí wọ́n kó fún ìyàwó lọ́jọ́ ìgbéyàwó ni. Ó ní èmi náà ní in lára, láti ọdún tó kọjá. Mo bi í nípa ọmọ. Ó ní ká ní mo gbé e wá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, nígbà tí kò tíì hàn lára rẹ̀, oògùn ì bá tètè borí rẹ̀. Ní báyìí ó ti jẹ ìgbáròkó rẹ̀. Yóò máa tiro títí ayé.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yẹn, lóṣù keje, ni mo kọ̀wé sí ọ pé mo nílò ohùn rẹ̀.

Láti ìgbà tí mo ti ka orúkọ wọn, àwọn ará ibí ò kí mi mọ́. Èyí kò dùn mí. Ṣùgbọ́n lásìkò ìbímọ ẹran tó kọjá yìí, Jigmed tún wá, ìyàwó rẹ̀ ṣì wà ní ìdùbúlẹ̀, ó gbé ọmọ òrukàn wá nínú ẹ̀wù, ó ní kí n dákun. Mo ní ọwọ́ mi kò ní kan àgùntàn mọ́ láyé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bẹ̀ mí, títí ọmọ náà fi kú mọ́ ọn láyà. Ó wá pè mí ní ìkà. Òótọ́ lọ́tùn-ún, òótọ́ lósì, èwo ni n ó mú?

Nísinsìnyí, fetí sílẹ̀, nítorí ohun tí mo torí rẹ̀ kọ ìwé yìí nìyí.

Lóṣù tó kọjá, àwọn dókítà ẹran tí ìjọba rán dé. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ gbogbo ẹran wa láti ọrùn. Wọ́n lọ, wọ́n padà, wọ́n fi ọ̀dà pupa kun ẹ̀yìn àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò dára. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn. Lọ́jọ́ kejì, mọ́tò ńlá dé, wọ́n kó àwọn ọlọ́dà pupa, wọ́n pa wọ́n, wọ́n jù wọ́n sínú kòtò lẹ́yìn òkè. Maral jókòó lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó ń wo gbogbo rẹ̀. Kò sunkún. Mo rò pé ó ti di àgbà ni.

Lọ́sẹ̀ kan náà, dókítà èèyàn wá sí àgọ́, ó gba ẹ̀jẹ̀ èmi àti Maral. Ìgbà tó padà, ó sọ fún mi lójú ọmọ pé, “Tiyín ti sàn. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ yìí ṣì burú.” Ohun tó ní lọ́kàn ni pé ká tún oògùn bẹ̀rẹ̀. Ó fún wa lóògùn, ó lọ.

Láti ọjọ́ náà ni Maral kò ti bọ́ ẹ̀wù. Tí mo bá ní kí n wẹ̀ ẹ́, á fẹ̀yìn ti ògiri àgọ́, kò ní jẹ́ kí n rí ẹ̀yìn rẹ̀. Tí àlejò bá dé, á ju ọ̀pá sílẹ̀, á máa rìn ní ìdúróṣánṣán, á fi eyín di ètè rẹ̀ mú títí ètè á fi là, kí wọ́n má baà rí i pé ó ń tiro. Mi ò mọ ohun tó ń ṣe é. Lánàá ló bi mí.

Ó ní, “Ìyá àgbà, ọjọ́ wo ni mọ́tò máa dé?”

Mo ní, “Mọ́tò wo?”

Ó ní, “Èyí tó ń bọ̀ wá kó mi.”

Ọmọ mi, mo sáré bá a. Mo gbá a mọ́ra. Mo ní kò sí mọ́tò, wọn kì í ṣe èèyàn bẹ́ẹ̀, oògùn ni wọ́n ń fún èèyàn. Mo búra fún un. Ó jẹ́ kí n sunkún tán. Ó wá sọ̀rọ̀ pẹ̀sẹ̀, bí ẹni pé èmi ni ọmọ, ó ní, “Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ sọ fún ìyá mi pé ẹṣin ló ju mí sílẹ̀.” Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lọ́jọ́ tí mo kọ ìwé ẹṣin yẹn sí ọ. Mò ń kà á jáde bí mo ṣe ń kọ ọ́, ó sì gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Kò gbà mí gbọ́. Kò sí ohun tí mo lè sọ tí yóò gbà gbọ́ mọ́. Dejid wá láti ìlú láti bá a sọ̀rọ̀, kò gba òun náà gbọ́, ó ní èmi ni mo rán an. Ìwọ nìkan ni kò tíì purọ́ fún un rí.

Wá. Tí wọ́n bá tilẹ̀kùn Kòríà mọ́ ọ títí láé, kí wọ́n tì í. A ó jẹ ohun tí a bá rí. Wá sọ fún un fúnra rẹ.

Bàtà ni ó ń wọ̀ sùn báyìí. Tí mọ́tò bá dún lójú ọ̀nà, abẹ́ ibùsùn ni mo ti ń fà á jáde, á ti tọ̀ sára. Nítorí náà, tí o bá ń bọ̀, má ṣe jẹ́ kí awakọ̀ gbé ọ dé ẹnu àgọ́. Sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, kí o fẹsẹ̀ rìn wá.

Ìyá rẹ,
Khorloo